Àgbò Kan, Etí Ọmọ Mẹ́ta

Ìyá tó ń po ògì lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ dáwọ́ dúró o, kó má baà dì. Ẹ kàn yí rédíò yín sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo gbé dání láàárọ̀ yìí, àti bá a ṣe ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mùsùlùmí ni yín o, Kìrìsìtẹ́nì ni yín o, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni yín o, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ti wà lọ́dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àṣìṣe ara mi bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí nígbà náà, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sì fún mi, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Lọ́jọ́ kan, ìtàn Ábúráhámù àti Ísákì ló kàn, bí Ọlọ́run ṣe ní kí bàbá fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín, mo mọ ìtàn sọ. Mo fa ohùn wálẹ̀, mo gbé ohùn sókè. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá ti na ọwọ́ mú ọ̀bẹ, mo fa rúlà onígi kan yọ lábẹ́ tábìlì, mo gbé e sókè fíofío. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Inú mi dùn. Mo ní, "Àwọn ọmọ yìí mà ń gbọ́ mi o." Nígbà tí áńgẹ́lì dé, tí àgbò yọjú, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. A kọrin, a pín bisikíìtì, a túká.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ọmọ kan kan ilẹ̀kùn mi. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́ ọmọ mi lónìí?" Ó ní láti ọ̀sán ni ọmọ náà ò ti jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbé òun. Ó ní bàbá rẹ̀ kàn mú ọ̀bẹ láti bẹ iṣu, bí ọmọ ṣe rí i, ó figbe ta, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, kó tó sọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ó ní, "Tí Ọlọ́run bá lọ pe dádì mi náà ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, ara mi bù máṣọ. Tí Ọlọ́run bá lọ pe dádì mi náà ńkọ́? Ọmọ yẹn gbọ́ mi lóòótọ́. Ó gbọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká bi ara wa: ṣé ìtàn yẹn ló burú ni? Rárá o. Ìtàn yẹn kan náà ni àwọn Mùsùlùmí ń rántí lọ́dọọdún tí wọ́n fi ń pa àgbò Iléyá. Òun kan náà ló wà nínú Bíbélì, nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 22. Àgbà ti rí oúnjẹ jẹ nínú ìtàn náà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣé ọmọ yẹn ló ya ojo ni? Òun náà kọ́. Èmi ni mo mú ọmọ ọdún mẹ́rin gba ẹnu ọ̀nà àgbàlagbà wọnú ìtàn.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìgbà tá a bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ la sábà máa ń pa òwe yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí i wò lọ́nà míì láàárọ̀ yìí. Ohun tó wà lórí pẹpẹ, tọ́wọ́ ọmọ ò tó, ta ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún un? Àgbà ni. Àgbà yẹn náà ló yẹ kó mọ èyí tí yóò ṣì wà lórí pẹpẹ ná.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n etí ọmọ yàtọ̀ sí etí ọmọ. Ẹ jẹ́ ká mú àgbò kan ṣoṣo yìí, ká fà á lọ sọ́dọ̀ ọmọ mẹ́ta, ká wo ohun tí oníkálùkù wọn yóò rí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀kan sì ti pé mẹ́rìnlá, irun ti ń hù lábẹ́ imú rẹ̀, ó sì ti ń rò pé òun gbọ́n ju bàbá òun lọ.

Ká kọ́kọ́ mú ọmọ ọdún mẹ́rin.

Wọ́n ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń pè é, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló sì gbà. Nínú kíláàsì mi kan náà, a kọ́ àwọn ọmọ pé Jésù ń gbé nínú ọkàn wa, a sì ń fi ọwọ́ lu àyà bá a ṣe ń sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọkùnrin kan lóun ò mu ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní yóò jó Jésù.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò dáadáa, ibo ni ẹ̀kọ ń gbà kọjá? Àyà náà kọ́? Ibo la fọwọ́ lù nígbà tá a sọ pé Jésù wà níbẹ̀? Ọmọ yẹn ro ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ ju àwa tá a kọ́ ọ lọ. Ọ̀rọ̀ lásán la sọ; òun gba ohun tá a sọ gbọ́, ó sì ń dáàbò bò ó.

Ní 1964, ọ̀mọ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Goldman, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú nípa ẹ̀sìn. Ó mú àwọn ìtàn Bíbélì, irú bí ti Mósè àti igbó tó ń jó tí kò sì run, ó sọ wọ́n fún ọmọ kékeré, ó sọ wọ́n fún ọmọ tó ti bàlágà, ó wá ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́. Ohun tó rí ni ohun tí ọmọ ẹlẹ́kọ gbígbóná fi hàn mí lọ́fẹ̀ẹ́: bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bọ́ sílẹ̀ ni ọmọ kékeré ṣe ń ṣà á. Goldman tiẹ̀ gbà pé Bíbélì kì í ṣe ìwé ọmọdé rárá. Èmi ò bá a dé ibẹ̀ o. Bí a bá ní ká dúró kí ọmọ gbọ́n tán ká tó sọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún un, ẹlòmíì yóò ti bá wa sọ ọ́, a ò sì ní mọ irú èyí tí yóò sọ.

Kí wá ni ká fún ọmọ kékeré? Ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn ni. Obìnrin kan wà nílùú Róòmù, Sofia Cavalletti lorúkọ rẹ̀. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Gianna Gobbi, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní 1954, ní ìlànà tí Maria Montessori fi lélẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ àgùntàn kéékèèké láti ara igi, wọ́n á gbẹ́ olùṣọ́ rẹ̀, wọ́n á ṣe ọgbà yí wọn ká. Wọ́n á sọ ìtàn náà ní ṣókí, wọ́n á wá jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ máa kó àgùntàn jáde, kó máa kó o wọlé. Kò sí ìwàásù gígùn. Ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ ṣe èyí má ṣe tọ̀hún, wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá ti kọjá ọdún mẹ́fà.

Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Àmọ́ ẹ dúró ná o. Bá a bá gbé olùṣọ́ àgùntàn yẹn wá sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ọ̀ràn míì nìyẹn. Àgùntàn àdúgbò wa, ta ló ń ṣọ́ ọ? Òun ló ń dá lọ, òun ló ń dá bọ̀. Á jẹ èèpo iṣu lójúde ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, á wá sùn sáàárín títì, kí dírẹ́bà máa fọn fèrè. Mo bi ọmọ kan nígbà kan pé, "Kí ni iṣẹ́ olùṣọ́ àgùntàn?" Ó dáhùn wàrà pé, "Ẹni tó máa ń ju òkò lu àgùntàn, kó má baà jẹ èlùbọ́ tí màmá sá." Ó tọ̀nà! Nílé tiwọn, ẹni tó bá ń ṣọ́ àgùntàn, èlùbọ́ ló ń ṣọ́. Ẹ wo ọmọ tó wá gbọ́ pé Olúwa ló ń ṣọ́ òun bí àgùntàn. Òkò ni yóò máa retí.

Kí ni mo ṣe? Mo fi àgùntàn sílẹ̀, mo mú adìẹ. Kò sí ọmọ tí kò tíì rí i bí àgbébọ̀ ṣe ń na ìyẹ́ bo ọmọ rẹ̀ nígbà tí àṣá bá ń rá bàbà lókè. Jésù fúnra rẹ̀ lo àpèjúwe adìẹ àti òròmọdìẹ, ó wà nínú ìwé Mátíù orí 23, nítorí náà mi ò bu ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kù. Mo kàn mú èyí tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn ni.

Ó dáa, àgbò wa ńkọ́? Báwo ni ká ṣe sọ ìtàn àgbò yẹn fún ọmọ ọdún mẹ́rin? Ẹ gbé ọ̀bẹ kúrò. Mo tún un sọ o, ẹ gbé ọ̀bẹ kúrò. Bàbá àti ọmọ jọ rin ìrìn àjò. Ọmọ bá bàbá ru igi. Wọ́n gun òkè. Àgbò kan wà nínú igbó, ìwo rẹ̀ kọ́ mọ́ igi. Ọlọ́run ló pèsè àgbò náà. Bàbá àti ọmọ jọ padà sílé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má gbàgbé rẹ̀: wọ́n jọ padà sílé. Ṣé a purọ́ fún ọmọ ni? A ò purọ́. A ò tíì sọ gbogbo rẹ̀ ni.

Nílé àwọn Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tún kù síbẹ̀, nítorí pé àgbò gidi ni wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ ti ń já ewé fún un. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, tí wọ́n bá wá tẹ́ àgbò sílẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan tún ní, "Wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ṣebí ọkùnrin ni ẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Ẹ rán an lọ bá ìyá àgbà nínú yàrá. Bí wọ́n bá ti gé ẹran tán, ẹ gbé abọ́ kékeré kan lé e lọ́wọ́, kó gbé e lọ fún Màmá Kìrìsìtẹ́nì tó wà lójúlé kejì. Kó gbọ́ tí wọ́n ń ṣàdúrà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ Iléyá tirẹ̀ nìyẹn lọ́dún yẹn. Ọ̀bẹ ò níí sá lọ. Yóò dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Èyí yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ fẹ́ràn òfin, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá pín ẹran tí tàbúrò rẹ̀ tóbi ju tirẹ̀ lọ, ẹ ó gbọ́. Ọpọlọ rẹ̀ mú bí abẹ. Ohun tó bá kọ́ sórí lásìkò yìí, ó lè máa bá a lọ títí di ọjọ́ ogbó. Ó fẹ́ ṣe ohun tí àgbà ń ṣe, ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ń ṣe é.

Ẹ wo bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe fọgbọ́n mú ọjọ́ orí yìí. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, ọmọ ọdún méje ni Ànábì ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ìrun kíkí fún. Ìgbà tó bá di ọdún mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ tó dé orí ìbáwí. Gbogbo wa la mọ ti ìbáwí yẹn, a kì í gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wà láàárín méje sí mẹ́wàá? Ọdún mẹ́ta gbáko ni. Ẹ fi ìrun márùn-ún lójúmọ́ ṣírò rẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà tí òbí yóò fi ẹnu pe ọmọ pé, "Dìde, ká lọ kírun," kí ọ̀rọ̀ tó le. Èló nínú wa ló ní sùúrù ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà? Lẹ́ẹ̀kejì péré, a ti ń wá pàṣán.

Ti ààwẹ̀ tún dùn ún gbọ́ ju ìyẹn lọ. Nínú hádíìsì Bukhari, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rubayyi ròyìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Mẹ̀dínà nígbà ààwẹ̀ Áṣúrà. Wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọmọ bá wọn gbààwẹ̀, wọ́n á wá fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọmọ bá ń sunkún oúnjẹ, wọ́n á gbé ohun ìṣeré náà lé e lọ́wọ́ títí tí àkókò ìṣínu yóò fi tó. Ẹ gbọ́ o: ohun ìṣeré, láàárín ààwẹ̀, ní ìlú Ànábì!

Àwa náà ní tiwa. Ààwẹ̀ títí di ìrun àìlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan wà ní agbo ilé wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ géérégé, tó yarí pé òun ò ṣe ààbọ̀ ààwẹ̀ mọ́, odindi lòun ó gbà. Wọ́n jí i ní sààrì, ó jẹun yó. Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn mú. Mo rí i tó gbé kẹ́tùrù àlùwàlá lọ sẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àlùwàlá yìí wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń bu omi sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀fun rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Ìyá rẹ̀ náà rí i látojú fèrèsé. Kò pariwo. Nígbà tí ọmọ padà dé, ó kàn ní, "Alhájì mi, ààwẹ̀ tìẹ mà tutù lónìí o." Ọmọ wolẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi ìṣínu, ó fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Ìyá náà gbé òṣùwọ̀n ààwẹ̀ fún un níbi tágbára rẹ̀ mọ: ọjọ́ kan odindi, ọjọ́ méjì títí di àìlà. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí òtítọ́ sísọ. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó wọlé sí mi lára bí ọ̀rọ̀ "ààwẹ̀ tìẹ mà tutù" yẹn.

Ká sòótọ́, kì í ṣe òní làwọn baba wa ti mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ limú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ lọ wo ilé kéú. Alfa kì í gbé Súrátù Bàkárà tó ní ẹsẹ 286 lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́tà lásán ni yóò kọ́kọ́ kọ sára wàláà. Ìgbà tí ẹnu ọmọ bá yí i, àmì orí àti àmì abẹ́ yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yóò máa so ó pọ̀. Yóò kọ́ Fátíà, yóò wá fò lọ sí ìparí Kùránì, sí Súrátù Nási, ẹsẹ mẹ́fà péré, kó tó máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sí àwọn tó gùn. Ẹ lọ wo ilé babaláwo náà. Ọmọ awo yóò gbá ilẹ̀ ilé Ifá, yóò gbé àpò tẹ̀ lé ọ̀gá, yóò mọ orúkọ Odù láti orí Èjì Ogbè, kí ẹsẹ Ifá tó wá kàn án.

Ṣùgbọ́n mo ní àròyé kan. Nílé kéú àtijọ́, ibi tí ẹnu ọmọ bá dé ni wọ́n ń wò. Ọmọ ọdún méje lè ti wà ní ìdajì Kùránì, kí ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣì wà lórí lẹ́tà. Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì kó o wá sí Agége ní 1955, wà lára àwọn tó fi kíláàsì sí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá nílẹ̀ wa. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní tirẹ̀, èyí tí Robert Raikes sọ di ńlá ní ìlú Gloucester láti 1780, fún àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láti Ajé dé Àbámẹ́ta, ọjọ́ orí ló fi ń pín àwọn ọmọ láyé òde òní. Ẹ wá gbọ́ àròyé mi. Ọ̀kan ń wo ẹnu ọmọ, èkejì ń wo ọdún tí wọ́n bí i. Ta ló ń wo ìbéèrè rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ta ló ń wo ìbéèrè ọmọ? Nítorí ibi tí ìbéèrè ọmọ bá dé, ibẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀ dé nínú ẹ̀sìn. Ẹ lè rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ń béèrè ìbéèrè ọmọ mẹ́rìnlá, pàápàá bí òkú bá ti kú nílé wọn.

Ní ti àgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ nípa ọ̀bẹ wàyí. Àmọ́ kó tún gbọ́ nínú ẹ̀mí kan náà pé Ọlọ́run ló ní kí ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀. Kí ni yóò bi yín? Yóò ní, "Ṣé Ọlọ́run ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Yóò ní, "Àgbò yẹn ńkọ́, kí ló ṣe?" Bó bá sì jẹ́ ọmọ Yorùbá gidi, tí ìyá rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àbúrò bàbá rẹ̀ ń lọ mọ́ṣáláṣí, yóò ní, "Ísákì ni àbí Ìsìmáìlì?" Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé Ísákì ni Bíbélì pè é, Ìsìmáìlì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí gbà pé ó jẹ́, ọmọ bàbá kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Ìyẹn tó o. Yóò gbà á, yóò sì sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹni tí kò ní sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló kù.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi kúrò ní kíláàsì àwọn kékeré lọ sí ti àwọn ọ̀dọ́. Ìtàn kan náà tún kàn. Mo sọ ọ́ tán, mo ti ń pa ìwé dé, ni ọmọkùnrin kan lẹ́yìn bá nawọ́. Kì í sábà sọ̀rọ̀, ara ògiri ló máa ń fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Ábúráhámù bá Ọlọ́run jiyàn torí àwọn ará Sódómù. Ó bẹ̀bẹ̀ láti orí àádọ́ta èèyàn títí dé orí mẹ́wàá. Àwọn tí kò bá tan rárá! Kí ló dé tí kò bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọmọ tirẹ̀?"

Olùkọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ojú sí i. Ó ní, "Jẹ́ kó mọ síbẹ̀ yẹn." Ọmọ náà fẹ̀yìn padà ti ògiri.

Mo ti ka ìtàn méjèèjì láìmọye ìgbà. Orí 18 lọ̀kan wà, orí 22 nìkejì wà, ewé ìwé díẹ̀ ló là wọ́n láàárín. Kò sígbà kankan tí mo tò wọ́n ti ara wọn. Mo ní, "Mi ò mọ̀ o. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan." Gbogbo kíláàsì ń wò mí bí ẹni pé aṣọ bọ́ lára mi.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Alhájì ni wọ́n, ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ti Sódómù, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa hàn yín." Wọ́n ṣí Kùránì sí orí 37, wọ́n ṣàlàyé fún mi pé níbẹ̀, bàbá lálàá pé òun ń pa ọmọ òun, ó rọ́ àlá náà fún un, ó sì bi í léèrè pé kí ni ìwọ rí sí i. Ọmọ ló dá bàbá lóhùn pé kó ṣe ohun tí wọ́n pa láṣẹ. Ẹ̀yin ará, ọdún mélòó ni mo ti ń jẹ ẹran Iléyá nílé wọn! Mi ò mọ̀ pé wọ́n bi ọmọ náà léèrè.

Mo padà sí Jẹ́nẹ́sísì, mo rí i pé níbẹ̀ náà ọmọ ò dákẹ́. Òun ló béèrè pé iná ti wà, igi ti wà, ẹran tí a fẹ́ sun dà? Nínú ìtàn kan, ọmọ ló bi bàbá. Nínú ìkejì, bàbá ló bi ọmọ. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé e síwájú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ fún wọn pé èsì nìyẹn, nítorí kì í ṣe èsì. A fi wákàtí kan jiyàn. Ọmọkùnrin ara ògiri gbé àga rẹ̀ wá síwájú.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè irú èyí lẹ máa ń pè ní àìgbàgbọ́. Ẹ máa ń ní, "Ta ló kọ́ ẹ nírú ọ̀rọ̀ yẹn?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò gbàgbọ́ kì í ka orí 18 pọ̀ mọ́ orí 22. Bẹ́ ẹ bá sì pa ìbéèrè mọ́ ọmọ lẹ́nu, ṣé yóò kú síbẹ̀? Kò ní kú. Yóò gbé e lọ bá fóònù rẹ̀ lóru, ẹ ò sì mọ ẹni tí yóò dá a lóhùn níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ béèrè: "Pálọ̀ kan ṣoṣo la ní, ọmọ mẹ́ta yìí ló jọ ń jókòó síbi àdúrà alẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ìtàn kan?" Òótọ́ lẹ sọ. Ọgbọ́n kan wà tó ti ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ má sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ ní kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sọ ìtàn náà fún ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ẹ̀yin sì jókòó, ẹ máa gbọ́.

Mo dán an wò lára ọmọkùnrin ara ògiri. Mo mú un lọ sí kíláàsì àwọn kékeré, kíláàsì tí mo ti fa rúlà yọ lọ́jọ́sí. Mi ò sọ ohun tí yóò yọ fún un, mi ò sọ ohun tí yóò fi sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn. Orí àgbò ló ti bẹ̀rẹ̀! Ó ní àgbò kan wà tó ń jẹ koríko lórí òkè, ìwo rẹ̀ lọ́ bí ìgbín. Ó ní ìwo yẹn kọ́ mọ́ igbó, àgbò ń fà á, igbó ń fà á. Àwọn ọmọ ń bá a fà á. Ó ní bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ń gun òkè bọ̀. Kò mẹ́nu ba ọ̀bẹ. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti jọ padà sílé, ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fà á láṣọ, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé àgbò yẹn ní màmá?"

Bùrọ̀dá gbójú sókè, ó ń wá mi. Mo ti yára wo ojú fèrèsé.

Wọ́n ti ń nawọ́ sí mi pé àkókò ti lọ. Bí ẹ bá mọ ohun tó yẹ kó fi dá ọmọ yẹn lóhùn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, à ó kà á síta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lásìkò kan náà.